Ìlà Mẹ́fà Inú Fọ́ọ̀mù Bárékè

Ẹ̀yìn Ọjà Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àdùkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi àdúrà gbà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ilé tuntun ńkọ́? Àwa ń bẹ níhìn-ín, a ń jẹ, a ń mu. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nítorí bàbá rẹ ti tú rédíò wọn palẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Dẹ́rẹ́bà tó gbé lẹ́tà rẹ wá láti Ọ̀yọ́ ló máa gbé èyí padà lọ́la, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má jókòó lé e.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì mo wá àga jókòó. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n ti fún yín ní yàrá méjì àti pálọ̀ nínú bárékè, wọ́n sì ti fún ọ ní fọ́ọ̀mù káàdì ìdílé. Káàdì yìí ni ìyàwó ṣọ́jà fi ń ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù bárékè ní iye tó dín sí ti ìgboro, òun ló fi ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù wọn lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń wọ ilé-ìwé wọn. Ìlà mẹ́fà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ ọmọ. Ìwọ kò tíì bímọ kankan. Ìyá ọkọ rẹ sì ti fi orúkọ ọmọ mẹ́rin ránṣẹ́ láti Iresa, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, pé kí o kọ wọ́n síbẹ̀ bí ọmọ inú rẹ. Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ní ohun tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì. Bí o bá kọ irọ́ tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́, okùn kẹta tí ọkọ rẹ ń retí lápá, tí yóò sọ ọ́ di sájẹ́ǹtì, lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí o kò bá kọ ọ́, ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọn yóò ní ní Iresa pé ìyàwó tí àwọn fẹ́ kò fẹ́ ẹbí. O wá ní, "Màámi, kí ni kí n ṣe?"

O fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpòòwé kí n lè fojú ara mi rí i. Mo ti rí i. Mo tún rí ohun tí o fi pẹ́ńsù kọ sórí ìlà tó gbẹ̀yìn, ìwọ ọmọ yìí. A ó dé orí ìyẹn.

Má jẹ́ kí ìwé yìí sú ọ tí ó bá gùn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ti jìn sí kòtò bárékè dáadáa. Ọdún méjìlá ni mo fi jẹ́ ìyàwó ṣọ́jà lókè Ọya kí bàbá rẹ tó fẹ̀yìn tì. Kò sí àṣìṣe tí o fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí n kò tíì bá ọ ṣe sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, gba nǹkan náà tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí o wá lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí mo ń dín àkàrà tí o fi ìró bo imú tí o ní ibà ló ń ṣe ọ́, o sọ fún mi pé ojú ń tì ọ́ láti tò pẹ̀lú àwọn ìyàwó ṣọ́jà, ìwọ tí o jẹ́ tíṣà. Kí ló ń tì ọ́ lójú? Ta ló fún yín ní ọrẹ? Ọkọ rẹ ń sùn nínú igbó nígbà tí ọkọ ẹlòmíràn ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lè ní kó dìde lónìí kó lọ síbi tí kò mọ̀. Mílíìkì tó dínwó, ọsibítù ọ̀fẹ́, lọ́ọ̀rì tó ń gbé yín lọ sọ́jà ní Sátidé, ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni, àti ara owó tìrẹ tí o ń dá ilé ṣọ́. Gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ, kí o lọ tò.

Ṣùgbọ́n bí o bá tò, tò dáadáa. Èyí ni àṣìṣe mi kìíní. Ọdún tí bàbá rẹ gba okùn kejì, èmi náà gbà á, kò kàn hàn lápá mi ni. Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà gùn dé ìdí igi, mo sì rìn tààrà lọ síwájú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sáfù, ará Ìlọrin, ọkọ rẹ̀ kò ní okùn kankan. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ o." Mo ní, "Ṣé o mọ ẹni tí ọkọ mi jẹ́ ni?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo rí lánàá tó ń pọn omi fún ọ." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, bàbá rẹ máa ń pọn omi. Mo padà sẹ́yìn, ojú gbà mí tì, n kò sì kí Ìyá Sáfù fún oṣù méjì. Fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, yóò tún dé.

Nítorí náà, ìyàwó kọ́púrà, ìyàwó sájẹ́ǹtì, ìyàwó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, kí wọn káàárọ̀ bákan náà. Ẹni tó bá jù ọ́ lọ, kúnlẹ̀ fún un, kódà bí ọkọ rẹ bá jẹ́ ọ̀gá ọkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sórí káàdì ara wọn. Ìwọ tíṣà, bá wọn kà á. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn fúnra wọn ni yóò máa gba àyè sílẹ̀ fún ọ.

Èkejì, má ra ohun tí o kò nílò nítorí pé ó dínwó. Bàbá rẹ ní kí n má sọ èyí, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ̀wé. Ọdún kan, wọ́n gbé aṣọ aláwọ̀ ewé wá sí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tó ṣẹ́kù lára ti yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń tà á fún ìdílé ní ọ̀pọ̀. Èmi aránṣọ rí ọ̀pọ̀, orí mi yí. Mo gbé odindi ìdì kan wálé. Mo fi rán kọ́tíìnì. Mo fi rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi rán ìbòrí àga, mo fi rán búláòsì fún ara mi, mo sì fi rán gáùn fún ìwọ tí o kò tíì lè jókòó. Bàbá rẹ ti páréèdì dé ní ọ̀sán, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. Mo ní ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní, "Ibo ni mo wà yìí? Mo rò pé mo ti kúrò ní páréèdì." Nígbà tí wọ́n wá ń wá ọ kí wọ́n gbé ọ, wọn ò rí ọ, nítorí pé aṣọ rẹ àti bẹ́ẹ̀dì ti di ọ̀kan. Títí di òní, bí mo bá ra nǹkan méjì tó jọra, wọn á ní, "Ìdì mélòó ló kù?" Nítorí náà, kọ ohun tí o fẹ́ rà sórí ìwé kí o tó kúrò nílé. Bí ìrẹsì, òróró, ọṣẹ àti mílíìkì bá ti pé, máa lọ sílé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Takie ti ń wá o. Ìyá kan tí ń ta nǹkan inú agolo ti gbọ́ pé ọmọ mi wà ní bárékè, ó ti ń pè mí ní àbúrò. Ó ní kí n ní kí o máa fi páálí mílíìkì ránṣẹ́, kí àwa méjèèjì máa tà á. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mílíìkì ìdílé, ìdílé ni í mu ún." Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi ọ́, ohun tí ìwọ náà ó sọ nìyẹn. Nǹkan bárékè kì í dé orí àtẹ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí èmi náà gba fọ́ọ̀mù tèmi, ìwọ nìkan ni mo tíì bí. Ìyá bàbá rẹ ránṣẹ́ láti Ìkòyí-Ilé, gẹ́gẹ́ bí ti Iresa ṣe ránṣẹ́ sí ọ, pé kí n kọ àwọn àbúrò ọkọ mi síbẹ̀. Èmi ìyàwó tuntun, mo fẹ́ gba oríyìn. Mo lọ sí ọ́fíìsì. Kíláàkì ní kí n pe orúkọ ọkọ mi. O mọ̀ pé láyé tiwa, ìyàwó kì í la ẹnu pe orúkọ ọkọ. Mo ní, "Bàbá Àdùkẹ́ ni." Ó ní Bàbá Àdùkẹ́ wo? Ó wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé, ó sì rí orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí n wá pe orúkọ àwọn ọmọ. Wàhálà dé. Gbogbo ẹni tí a ti bí sínú ilé yẹn kí n tó wọlé, ọkọ mi ni wọ́n, n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ wọn, àfi orúkọ tí mo fi ń pọ́n wọn lé. Mo bá ń pè é: "Ẹyínfúnjowó, ọmọ ọdún méje. Ìdílẹ̀kẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. Arẹwà, ọmọ ọdún mẹ́rin." Kíláàkì kì í ṣe Yorùbá, ó ń kọ ọ́ lọ ní tirẹ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Ẹyínfúnjowó ni bàbá kékeré rẹ tó wà ní Ìkòyí-Ilé, tó tẹ̀lé bàbá rẹ gan-an.

Káàdì jáde. Mo rajà, mo jayé, mo fi ṣúgà ránṣẹ́ sílé. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́jọ. Ní oṣù kẹsàn-án, bàbá kékeré rẹ wá kí wa, wọ́n ru àpò èlùbọ́ kan wá. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, àwọn ará ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé dé ilé láti gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, kíláàkì sì gbé ìwé orúkọ dání. Inú ilé ìdáná ni mo wà. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì pè é lóhùn rara níta pé, "Ẹyínfúnjowó! Ọmọ ọdún méje!"

Kí n tó nu ọwọ́, bàbá kékeré rẹ ti jáde láti pálọ̀, orín lẹ́nu, irùngbọ̀n dé àyà. Wọ́n ní, "Èmi rè é o." Nígbà tí wọ́n rí abẹ́rẹ́, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n na apá. Wọ́n gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni.

Dókítà bi wọ́n pé, "Baba, ọmọ ọdún mélòó ni yín?" Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àkọ́bí àwọn ti ń lọ sóko. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ara ògiri mú. Kíláàkì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ̀wé.

Wọ́n gba káàdì wa fún oṣù mẹ́rin. Okùn tó yẹ kó dé apá bàbá rẹ lọ́dún yẹn, ọdún kejì ló tó dé. Àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ gbà á níṣojú wọn, bàbá rẹ sì ń kí wọn kú oríire. Mo rò pé bàbá rẹ yóò lé mi lọ sílé. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ, nínú gbogbo ilé wa, ṣé ẹni tó ní irùngbọ̀n jù lọ lo rí sọ di ọmọ ọdún méje?" Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Ó dùn mí síbẹ̀síbẹ̀, Àdùkẹ́. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí pé wọn kò fi kàn mí lójú rí.

Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, o ń mu mílíìkì agolo, ọmú mi kò tó ọ. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n gba káàdì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá Sáfù ni. Agolo mílíìkì méjì ló fi ìborí bò. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, mo tò fún ọ." Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá, títí wọ́n fi dá káàdì wa padà. Ẹni tí mo yọ kọjá lórí ìlà ló tò fún mi. Bí o bá ń ṣe kàyéfì ìdí tí àbúrò rẹ obìnrin fi ń jẹ́ Sáfúrátù nínú ilé Aládùúrà, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí Ìkòyí-Ilé láti lọ jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò béèrè ṣúgà, wọn kò béèrè mílíìkì. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n wá pa orúkọ àwọn ọmọ mi rẹ́ ni?"

Mo ní, "Wọ́n pa á rẹ́, Ìyá."

Wọ́n ní, "Ṣé o rí i, ọmọ mi, kì í ṣe torí ẹnu. Bàbá wọn kú kí wọ́n tó gbọ́n. Kò sí ìwé kankan láyé yìí tí orúkọ wọn wà. Mo ní bí wọ́n bá ti kọ wọ́n sí ti ọ̀gá ṣọ́jà, ẹnìkan ti kà wọ́n mọ́ ènìyàn nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà sílé, mo ra ìwé ọlọ́gọ́ta ojú ewé kan. Bàbá rẹ ń pe orúkọ àwọn àbúrò wọn, orúkọ gidi, èmi ń kọ ọ́. Ẹnu mi ni kò gbọ́dọ̀ pè é, ọwọ́ mi lè kọ ọ́. Ní gbogbo ìparí oṣù, nínú ohun tí mo bá fi káàdì rà fún ilé wa, mo ń bu díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo ń lẹ orúkọ mọ́ ọn, ọṣẹ kan fún ẹni yìí, ṣúgà ẹ̀kún ife kan fún ẹni tọ̀hún. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sílé, mo ń mú ìwé náà dání, ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé, wọn á sì ní kí n fi ìka tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wò ó, wọ́n á mi orí. Nígbà tí ìwé náà kún, mo fi í sílẹ̀ fún wọn; nígbà tí wọ́n kú, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ni a ti bá a.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí ìwọ yóò ṣe nìyí. Má dúró de ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn ilé-ìwé, ìwọ àti Káyọ̀dé, ẹ wọkọ̀ lọ sí Iresa. Má fi ọ̀rọ̀ rán ẹnikẹ́ni, má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ nìkan lọ sọ ọ́, torí wọn yóò ní ìwọ lo kọ́ ọ. Kúnlẹ̀. Sọ fún wọn pé fọ́ọ̀mù yìí, ọmọ tí o bá bí nìkan ló gbà, àti pé okùn apá ọmọ wọn ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú ìwé ọlọ́gọ́ta ojú ewé jáde, èyí tí ó jẹ́ tuntun, kí o ní kí wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ọmọ ayé òde òní, o lè pè é lẹ́yìn wọn. Kọ ọ́ níṣojú wọn, gàdàgbà gàdàgbà, bí o ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó. Kí o sì ṣe ohun tí o bá kọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn wá gbé lọ́dọ̀ yín lọ́la kó lè lọ sílé-ìwé bárékè, kí Káyọ̀dé lọ bi ọ̀gá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òtítọ́ lè pẹ́ kó tó so, ṣùgbọ́n kì í ní irùngbọ̀n lọ́mọ ọdún méje.

Ó wá ku ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo fi gíláàsì ojú bàbá rẹ kà á kó lè dá mi lójú. O fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Wúràọlá, obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá." Àdùkẹ́. Èmi ìyá rẹ. Èmi tí eékún ń dùn bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo ka á sókè fún bàbá rẹ, wọ́n fi rédíò sílẹ̀, wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n wò mí, bóyá mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti àná ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n ní kí n lọ sùn lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní ilé-ìwé wà lọ́la.

Mo mọ ìdí tí o fi kọ ọ́. Torí eékún yẹn ni. O fẹ́ kí n máa gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́run yóò ṣìkẹ́ rẹ fún un. Inú mi dùn débi pé mo fi ìwé náà sínú Bíbélì fún alẹ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ ọmọ rẹ nínú ìwé irọ́, nígbà tí mo jẹ́ ìyá rẹ nínú òtítọ́.

Mo dá fọ́ọ̀mù padà sínú àpòòwé yìí. Wàá rí rọ́bà kékeré kan tí mo dì mọ́ ọn, èyí tí mo fi ń pa ìlà rẹ́ lórí bébà tí mo fi ń gé aṣọ. Fi pa orúkọ mi rẹ́. Rọra pa á, má jẹ́ kí bébà ya, kí ìlà náà lè mọ́. Àkàrà tí o fi ìró bo imú sí yẹn, Àdùkẹ́, èmi ti bímọ mẹ́rin, mo mọ ibà, mo sì mọ ohun tí kì í ṣe ibà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í ka irú rẹ̀ sókè. Fi ìlà náà sílẹ̀ lófo. Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, ẹni tó ni ìlà náà á ti dé.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju méjìlá lọ,
Wúràọlá.

Bàbá rẹ ní kí n fi kún un pé bí wọ́n bá tún gbé aṣọ aláwọ̀ ewé wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí o sá.